Sàlàkọ́ Kò Nímú

Ọjọ́ tí wọ́n gbé fóònù náà dé ilé ìgbẹ̀bí wa ní Baruwa, ọ̀rá ni wọ́n fi wé e láti orí dé ẹsẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ Dókítà Mubarakah, mo wò ó níwájú, mo wò ó lẹ́yìn, mo ní, "Ọmọ tó bá wà nínú àpò wá sáyé báyìí, Sàlàkọ́ là ń pè é." Àwọn aboyún tó jókòó sórí bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni fóònù ti ń jẹ́ Sàlàkọ́, kódà Dókítà fúnra rẹ̀ kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

N kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ ìyẹn kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ọláṣùmbọ̀ Àjíṣafẹ́ lorúkọ mi, Màmá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí láti Baruwa títí dé Ìpájà, ó sì ti di ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbẹ̀bí. Bàbá Dókítà ló dá ilé ìgbẹ̀bí náà sílẹ̀. Ọwọ́ mi ni wọ́n bí Dókítà sí, èmi ni mo kọ́kọ́ fọ ìdí fún un. Ọmọ tí mo fọ ìdí fún ló wá gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, tó ní kó máa bá mi wo ọmọ tuntun. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

"Màmi, kò fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́," ni Dókítà wí. "Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni, AI. Ẹ̀yin náà lẹ máa pinnu. Òun kàn máa bá yín wò ó ni."

"Ta ló sọ fún ọ pé ojú mi ń fọ́?"

"Màmi, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, gbé e síbẹ̀ jàre."

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Sàlàkọ́ mọ̀: wíwo ibà pọ́njú lára ọmọ tuntun. Ẹ ó fi káàdì kékeré kan tó ní oríṣiríṣi àwọ̀ lé àyà ọmọ, ẹ ó ya fọ́tò àyà náà pẹ̀lú káàdì, Sàlàkọ́ á sì fi ara ọmọ wé àwọ̀ inú káàdì. Á bi yín ní ìbéèrè mélòó kan, á wá sọ iye tí ibà náà jẹ́ àti ohun tó yẹ kí ẹ ṣe. Yorùbá ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ọmọ tí wọ́n bí sí London tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wálé wá kí ìyá àgbà. Nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ibi méjì wà tí ẹ lè tẹ̀: "Mo gbà" àti "Mi ò gbà." Bí ẹ bá tẹ "Mi ò gbà", á ní kí ẹ sọ ìdí. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, "Mi ò gbà" ni mo ń tẹ̀ ṣáá. Ìdí tí mo ń kọ kò yí padà rí: Nítorí pé mo jù ọ́ lọ. N kò mọ̀ pé Dókítà máa ń jókòó ka gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Kò bá mi wí. Ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá rí mi ni, èmi sì rò pé inú rẹ̀ ló ń dùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibà pọ́njú fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́dọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ló máa ń ní in díẹ̀, tí á sì lọ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ń mu ọmú dáadáa. Bó bá pọ̀ jù, inú ọpọlọ ló ń wọ̀. Ó lè pa ọmọ. Èyí tí kò bá pa, ó lè di í létí títí ayé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó wà nínú ilé mi. Julius, ọmọ mi kan ṣoṣo, ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sì tún gbọ́ ohùn mi mọ́ láti ìgbà tó ti pé ọjọ́ mẹ́wàá láyé. Kápẹ́ńtà ni ní Òkè-Odò. Ó mọṣẹ́, ó ń jẹun yó, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀, ó sì máa ń fi ọwọ́ náà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Èmi ni n kò tíì dárí ji ara mi, torí pé nọ́ọ̀sì ni mí nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́rú kan ni, nínú oṣù Keje, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Dókítà ti lọ sí ìpàdé kan ní Ìkẹjà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, Àlàájà Sìdíkátù wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Mọ̀dínátù, tó bímọ ọkùnrin lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlàájà, ike ló ń tà ní Abúlé Ẹ̀gbá, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú òjò o! A gbé ọkọ yín dé!"

"Ọkọ mi àtàtà! Ṣé ó ń jẹ́ kí ẹ sùn?"

"Há, ọmọ dáadáa ni. Kì í da ẹnikẹ́ni láàmú. Ó kàn ń sùn ṣáá ni. Ẹ tún wo bó ṣe ń pupa! Bàbá ọkọ Mọ̀dínátù ló jọ, bàbá yẹn pupa fòò."

Mọ̀dínátù tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ fìlà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó bọ́ ṣúẹ́tà òwú kan tí wọ́n fọwọ́ hun. Pọ́dà tí wọ́n dà sí ọmọ lára pọ̀ débi pé mo sín lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo ìdodo rẹ̀, ó ń gbẹ dáadáa. Mo ká ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, mo fi ìka tẹ imú rẹ̀ àti àyà rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe, kí n lè rí àwọ̀ tó wà lábẹ́ ara. N kò rí nǹkan kan.

"Ara ọmọ yá," ni mo wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kọ́tìnì mi níbí. Kọ́tìnì yẹ́lò kan wà ní fèrèsé yàrá náà, èmi ni mo rà á, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidi gan-an. Dókítà ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n yọ ọ́, pé ó ń tan ojú jẹ. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú kọ́tìnì mi, pé òun nìkan ló jẹ́ kí yàrá náà dùn ún wò. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti pa fèrèsé dé nítorí òjò, mo sì ti fa kọ́tìnì bò ó. Gbogbo ohun tó wà nínú yàrá ló pọ́n díẹ̀: ọwọ́ mi pọ́n, ẹ̀wù funfun ọrùn mi pọ́n. Ó ti mọ́ ojú mi lára, kò kà á sí mọ́.

Mọ̀dínátù ló rán mi létí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ò ní lo Sàlàkọ́?"

Mo pòṣé. Mo gbé Sàlàkọ́, mo fi káàdì lé àyà ọmọ. Kí n tó ya fọ́tò rárá, ó ti sọ̀rọ̀: "Ìmọ́lẹ̀ ibí yìí kò dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí kọ́tìnì."

"Ìwọ náà? Ṣé Dókítà ló rán ọ ni?" Àlàájà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Sàlàkọ́ kọ̀, kò ya fọ́tò, àfìgbà tí mo fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wá ya fọ́tò náà.

"Mẹ́rìnlá," ni ó wí.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bí ọmọ yìí, mẹ́fà ló jẹ́. Mo ní irọ́ ni, pọ́dà ló ń dà á láàmú. Mo fi òwú àti omi nu àyà ọmọ, mo tún un yà. Mẹ́rìnlá náà ni. Mo gbé ọmọ lọ sí ojú fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ti ń wọlé, mo sì fi ìka tẹ imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí mo tẹ̀ pọ́n bí àgbàdo.

Ojú tì mí. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń fi ojú mi yangàn láti oṣù mẹ́ta, fóònù ló wá kọ́ mi pé kí n ṣí kọ́tìnì. Mọ̀dínátù ń wò mí. Mo ní, "Ẹ má fòyà, ibà pọ́njú díẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìyókù."

Sàlàkọ́ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀. Ṣé ọmọ ń mu ọmú dáadáa? Mọ̀dínátù ní ó ń mu, ṣùgbọ́n ó máa ń sùn lọ lẹ́nu ọmú. Ṣé wọ́n ti fún un ní àgbo? Àlàájà ní rárá. Ṣé káńfọ̀ wà nínú aṣọ ọmọ?

"Káńfọ̀ kẹ̀?" ni Àlàájà dáhùn. "Kò sí o! Àwọn bọ́ọ̀lù funfun yẹn, àbí? Ẹyọ kan ò sí níbẹ̀."

Sàlàkọ́ rò ó fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó ní, "Ibà náà wà ní àárín. Ẹ fún ọmọ ní ọmú ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ gbé e padà wá lọ́la fún àyẹ̀wò."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n sọ fún un ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn. Mo ti gbé ìka sí "Mo gbà", fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ni mo rí i pé òtútù ti ń mú ọmọ. Mo gbé Sàlàkọ́ sílẹ̀. Mo mú ṣúẹ́tà òwú yẹn kí n tètè fi bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí mo ṣe gbé e sókè, lábẹ́ òórùn pọ́dà, nǹkan kan gún mi nímú.

 Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo fi ṣúẹ́tà náà bo imú, mo fà á símú dáadáa. Òórùn káńfọ̀ ni.

"Àlàájà, níbo ni aṣọ yìí ti wá?"

"Ti Mọ̀dínátù ni!" Inú rẹ̀ dùn pé mo bi òun. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi hun ún nígbà tí mo lóyún rẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún nínú àpótí, kòkòrò kan ò fẹnu kàn án. Mo ti búra pé ọmọ tó bá kọ́kọ́ bí ló máa wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti délé ló ti wà lọ́rùn rẹ̀."

"Kí lẹ fi ń lé kòkòrò?"

"Káńfọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti ṣa gbogbo rẹ̀ dànù kí n tó kó aṣọ jáde, Màmá Nọ́ọ̀sì! Ẹyọ kan ò kù síbẹ̀."

"Ṣé ẹ fọ aṣọ náà?"

"Mo sá a sóòrùn. Ó mọ́ tónítóní, kí ni mo fẹ́ fọ̀ níbẹ̀?"

Kò purọ́. Bọ́ọ̀lù funfun inú ọ̀rá ló mọ̀ sí káńfọ̀, ó sì ti kó bọ́ọ̀lù dànù. Kò mọ̀ pé káńfọ̀ ti wọ inú òwú lọ láti ọdún mẹ́rìnlélógún, pé òórùn yẹn gan-an ni ọmọ ń fà símú tọ̀sán-tòru. Sàlàkọ́ bi í, ó dáhùn, Sàlàkọ́ sì gbà á gbọ́. Kí ni ì bá ṣe? Kò nímú.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan wà tí kò bá káńfọ̀ ṣe. Kò sẹ́ni tó ń mọ̀ wọ́n lójú. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn rẹ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́, ibà pọ́njú á sì máa gòkè láti wákàtí dé wákàtí. Mẹ́rìnlá àárọ̀ lè di ogún kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí a bá dúró dọ̀la, ó lè jẹ́ ọmọ tí kò ní gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láé la máa gbé padà wá, bí a bá tiẹ̀ rí ọmọ gbé.

Mo ju ṣúẹ́tà, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ síta, sínú òjò. Mo fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì wa tó mọ́ wé ọmọ. "Ẹ dìde," ni mo wí. "Ọsibítù ńlá là ń lọ nísinsìnyí."

"Nínú òjò yìí?" Àlàájà kò mira. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ yín fúnra rẹ̀ ló sọ pé ọ̀la! Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ara ọmọ yá, ẹ̀yin náà lẹ tún ní ká máa sáré lọ sí ọsibítù. Èwo gan-an ni ká gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, torí pé òtítọ́ ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti fi ohùn lé e jáde. Ẹnu mi kì í gbé ọ̀rọ̀ sílẹ̀, gbogbo Baruwa ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á, pé ó ń wá ẹni tó máa sọ fún un pé nǹkan kan kò ṣe. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Àlàájà, mo ṣe é rí."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Nígbà tí mo bí Julius, ìyá ọkọ mi kó aṣọ wá láti Ìlá, aṣọ tí wọ́n fi tọ́ bàbá rẹ̀. Káńfọ̀ ń ta sánsán lára rẹ̀. Mo ní òórùn ìmọ́tótó ni. Ọmọ ń pupa, à ń yọ̀, à ń sọ pé ìyá mi ló jọ. Ó ń sùn ṣáá, mo ní ọmọ dáadáa ni. Nọ́ọ̀sì ni mí o, Àlàájà. Ìwé ẹ̀rí mi wà lára ògiri. Nígbà tí mo fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, wọ́n rí ẹ̀mí rẹ̀ gbà là. Wọn ò rí etí rẹ̀ gbà."

N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá ọkọ mi kú láìmọ̀. Mọ̀dínátù ti ń sunkún. Àlàájà ń wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí òjò ti ń pa ṣúẹ́tà kékeré yẹn.

"Èmi ni mo hun ún," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Ìfẹ́ lẹ fi hun ún. Ìfẹ́ náà ni ìyá ọkọ mi fi kó tiẹ̀ wá. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó dìde.

Mo gbé Sàlàkọ́, mo tẹ "Mi ò gbà." Ó bi mí ní ìdí. Mo kọ ọ́: Káńfọ̀ wà lára aṣọ. Ìyá àgbà kò mọ̀. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀. N kò retí nǹkan kan, mo kàn fẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ojú Sàlàkọ́ pọ́n wẹ̀ẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi," ni ó wí. "Ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ bọ́ aṣọ náà. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù nísinsìnyí." Kí n tó wọ bàtà, ó ti kọ lẹ́tà tí a máa fi han àwọn dókítà: wákàtí tí wọ́n bí ọmọ, mẹ́fà ọjọ́ kejì, mẹ́rìnlá òní, káńfọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe. Nǹkan tó yà mí lẹ́nu jù ni bó ṣe yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láìjanpata. Mo mọ àgbàlagbà obìnrin kan ní Baruwa tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé, òun ló sì ra kọ́tìnì yẹ́lò.

Mo pe Dókítà bí a ṣe ń dúró de kẹ̀kẹ́ Màrúwá.

"Kí ni Sàlàkọ́ kọ́kọ́ sọ?" ni ó bi mí.

"Ó ní ọ̀la."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ní nísinsìnyí. Káńfọ̀ ni, Mubarakah."

"Ẹ máa lọ, màmi. Mò ń bọ̀ wá bá yín níbẹ̀."

Ọ̀nà kò dára, omi kún gbogbo kòtò, Àlàájà sì ń ka àdúrà láti Baruwa títí a fi dé. Èmi náà ń ka tèmi. Dókítà tó gbà wá, Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni orúkọ rẹ̀, gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan, kò bi wá ní ìbéèrè méjì. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ní aago méjìlá ọ̀sán, ibà náà ti di mẹ́tàdínlógún. Wọ́n tẹ́ ọmọ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n fi nǹkan dì í lójú, wọ́n sì ń múra sílẹ̀ láti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó bá yẹ. Ní aago mẹ́rin, Dókítà Mubarakah ti dé bá wa, ibà náà sì ti di mọ́kàndínlógún. Àlàájà di ọwọ́ mi mú débi pé òrùka rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ní aago mẹ́fà, kò kúrò ní mọ́kàndínlógún. Nígbà tí mo padà débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wálẹ̀ sí mẹ́rìndínlógún, ọmọ náà sì ti ń ké fún ọmú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́ fi ìwé àyẹ̀wò hàn mí. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò bá káńfọ̀ ṣe lóòótọ́. "Màmá, bó bá jẹ́ òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá..." Kò parí rẹ̀, ó mi orí. Ó wá bi mí pé ta ló kíyè sí i, ẹ̀rọ ni àbí èmi.

"Òun ló rí ìpọ́n," ni mo wí. "Èmi ni mo gbọ́ òórùn."

Ó ṣòro fún mi láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Nígbà tí Dókítà Mubarakah máa wọ yàrá àyẹ̀wò ní ọjọ́ Ẹtì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màmi, kọ́tìnì yín dà?"

Mo nawọ́ sí ilẹ̀. Mo ti gé e sí méjì, mo fi ṣe ìnusẹ̀. Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí rẹ̀ dáadáa, ó wá dì mọ́ mi, ó ní òun ti ka ìdí tí mo kọ. Ó ní nínú gbogbo "Mi ò gbà" mi, òun ni àkọ́kọ́ tó dùn ún kà. Mo ní, "Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, Mubarakah, ṣùgbọ́n kò lè ní àkísà bí àgbà." Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an lòun ṣe rò ó nígbà tí òun gbé e lé mi lọ́wọ́. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ, àbí ó kàn fẹ́ tẹ́ mi lọ́rùn ni, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Láti ọjọ́ náà, bí Sàlàkọ́ bá bi ìyá ọmọ nípa káńfọ̀, mo máa ń gba aṣọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, màá gbóòórùn rẹ̀ fúnra mi, kí n tó tẹ ìdáhùn.

Ọmọ náà kò lè padà sílé kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, Àáfà sì ní ọjọ́ kẹrìnlá náà dára fún ìsọmọlórúkọ. Àwọn dókítà ní ara rẹ̀ ti dá, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé e padà wá fún àyẹ̀wò etí nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta. Gbogbo ènìyàn dúpẹ́, wọ́n lọ sílé. Èmi ni ọ̀rọ̀ etí yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mọ́kàndínlógún kì í ṣe nǹkan kékeré. Èmi Aládùúrà yìí gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí etí ọmọ Mùsùlùmí, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, èmi àti Julius jọ lọ. Àlàájà ti ní kó kan àpótí tuntun fún aṣọ ọmọ, òun ló sì gbé e lórí wọlé, àpótí tó ń dán, tí òórùn pákó tútù nìkan ń jáde nínú rẹ̀. Àlàájà ṣí i, ó pè mí, ó ní kí n wá fi imú mi wò ó kí òun tó gbà á. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo ti orí bọ inú àpótí, mo gbóòórùn rẹ̀ láti igun dé igun, mo ní ó yege.

Wọ́n gbé ọmọ fún Àáfà. Ó ń sùn fọnfọn. Àáfà ní Abdulmuiz lorúkọ rẹ̀, ó wá tẹ orí ba, ó gbé ẹnu sí etí ọ̀tún ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun sí i.

"Allahu Akbar."

Mo ń wo ojú ọmọ náà. Kò mira. Ojú rẹ̀ pa dé bí ó ṣe wà. Mo di etí iró mi mú.

Àáfà gbé ohùn sókè díẹ̀. "Allahu Akbar!"

Abdulmuiz ta gìrì. Ó na ọwọ́ méjèèjì sófuurufú, ó la ojú rẹ̀ kedere, ó sì fi igbe ta. Àwọn obìnrin ní, "Àáfà, ẹ rọra o, ẹ ti dẹ́rù bà á!" Àlàájà ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí mi láàárín èrò. Èmi ti jókòó sórí àpótí tuntun, omijé ń dà lójú mi wọ̀ọ̀wọ̀.

Julius fọwọ́ kàn mí léjìká. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fi ọwọ́ bi mí pé kí ló dé, ta ló ṣẹ̀ mí.

Mo fi ọwọ́ dá a lóhùn: Ó gbọ́.

Ó wo ọmọ tó ń ké, ó wo èmi, ó rò ó díẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n lè rí i kedere nínú omijé mi: Ó mà ṣe fún ọmọ náà o. Gbogbo ariwo yín ló máa gbọ́.

Mo gbá a lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà mo dì mọ́ ọn, mo sì rẹ́rìn-ín sí i léjìká títí wọ́n fi pè wá wá jẹun.